Kí Ló Ń Jẹ́ Ọgbẹ́ Ọkàn, Báwo sì Ni Ènìyàn Ṣe Ń Bá PTSD Gbé?

Àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, tàbí tó ní PTSD, ìyẹn àìsàn ọkàn tí ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú ń fi sílẹ̀ lára àwọn kan, máa ń gbọ́ ìbéèrè kan léraléra: "Ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi tiẹ̀ tó ohun tí ènìyàn ń gbé wá síwájú dókítà?" Ẹni tó ń béèrè yìí lè má tíì sùn dáadáa láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn gbàgà, àyà rẹ̀ á já, ara rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Síbẹ̀, ohun tó ń rò ni pé àwọn kan lọ sójú ogun, wọ́n jí àwọn kan gbé, kí wá ni tòun níwájú tiwọn? Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fi ìtìjú bo ọgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lọ́wọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ trauma, ìyẹn ọgbẹ́ ọkàn, ti gbòde kan. Wọ́n ń lò ó fún ìdánwò tó le, fún ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ni, fún olólùfẹ́ tó já ènìyàn sílẹ̀. Inú ń bí àwọn kan sí èyí, wọ́n ní wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ńlá di yẹpẹrẹ. Àwọn mìíràn ní kò sẹ́ni tó láṣẹ láti sọ fún ẹnì kejì pé ìrora rẹ̀ kò tó nǹkan. Nick Haslam, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Ọsirélíà, kọ̀wé ní 2016 lórí bí àwọn èrò inú ìmọ̀ yìí ṣe ń gbòòrò kọjá ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àríyànjiyàn náà kò sì tíì rọlẹ̀ títí di òní.

Lójú tèmi, ibì kan náà ni àṣìṣe gbogbo wọn ti wá. Ìtumọ̀ tó wà nínú ìwé àwọn oníṣègùn ni a ti sọ di òṣùwọ̀n ìyà, bẹ́ẹ̀ wọn kò ṣe é fún ìyẹn. Wọ́n ṣe é kí wọ́n lè mọ àìsàn kan yàtọ̀ sí òmíràn, kí aláìsàn lè rí ìtọ́jú tó bá a mu. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa fi ìtumọ̀ náà dá ara rẹ̀ lẹ́bi, tàbí kó máa fi pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́.

Ọ̀nà jíjìn ni ìtumọ̀ náà gbà wá. Ní 1866, John Eric Erichsen, oníṣẹ́ abẹ kan ní London, kọ̀wé nípa àwọn tó yè nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ojú irin, tí eegun wọn kò ṣẹ́, àmọ́ tí ara wọn kò bọ̀ sípò mọ́. Ó rò pé ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń ṣe wọ́n. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Charles Myers, dókítà àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ròyìn ní 1915 nípa àwọn ọmọ ogun mẹ́ta tí ìbọn àgbá bú nítòsí wọn, tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, tí wọn kò gbóòórùn, tí ìrántí wọn sì dàrú. Shell shock ni orúkọ tó fi pè é. Àwọn ọ̀gágun kan gbà pé àìsàn ni, àwọn mìíràn ní ojo lásán ni. Nínú ogun yẹn, ilé iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa ọmọ ogun tiwọn 306 lórí ẹ̀sùn bíi sísá lójú ogun àti ṣíṣojo. Ó di 2006 kí ìjọba tó dárí jì wọ́n. Mo máa ń rántí iye yẹn nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí ìpayà ń bá jà pé kó ṣe ọkàn akin.

Ohùn àwọn ẹgbẹ́ méjì ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé inú ìwé ìṣègùn nígbẹ̀yìn: àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó bọ̀ láti Vietnam, àti àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Ní 1974, Ann Burgess tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti Lynda Holmstrom tó jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí lára àwọn obìnrin tó wá sí ilé ìwòsàn kan ní Boston lẹ́yìn ìfipábánilòpọ̀. Àlá burúkú wà níbẹ̀, ìpayà wà níbẹ̀, wọ́n sì ń sá fún gbogbo ohun tó jọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ó jọ ohun tí àwọn ọmọ ogun náà ń sọ bí ìbejì ṣe ń jọra. Ní 1980, PTSD wọ inú DSM, ìyẹn ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń to orúkọ àìsàn. Láti ìgbà yẹn ni ìwé ìṣègùn ti ń wo ohun tí ojú aláìsàn rí kó tó wo ìwà rẹ̀. Mo ka ìyẹn sí ìdájọ́ òdodo tó pẹ́ kó tó dé.

Ṣùgbọ́n irú ìṣẹ̀lẹ̀ wo gan-an ló lè fa PTSD? Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìtẹ̀jáde DSM ti ọdún 1987 ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó kọjá èyí tí ojú ọmọ ènìyàn sábà ń rí. Èyí kò lè dúró, nítorí pé ìfipábánilòpọ̀, ìjàm̀bá ọkọ̀ àti lílù nínú ilé kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n rárá. Ní 1994, wọ́n fi ikú, ewu ikú àti ìpalára ńlá rọ́pò gbólóhùn yẹn, wọ́n sì fi kún un pé ìbẹ̀rù ńlá tàbí ìpayà gbọ́dọ̀ ti bo ẹni náà lójú ẹsẹ̀. Èyí náà wó. Panápaná tó ń fa òkú ọmọdé yọ lábẹ́ ilé tó wó lè máà bẹ̀rù rárá ní wákàtí yẹn. Iṣẹ́ ló ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò wá máa rí ojú ọmọ náà nígbà tó bá fẹ́ sùn. Àwọn mìíràn wà tí nǹkan burúkú ń ṣe lọ́wọ́, tó ń dà bíi pé wọ́n dúró lókèèrè tí wọ́n ń wo ara wọn, tí wọn kò mọ nǹkan kan lára. DSM-5 tó jáde ní 2013 kò béèrè ìbẹ̀rù ojú ẹsẹ̀ mọ́.

Bó ṣe wà nísinsìnyí, ohun tí DSM ń wò ni ikú tàbí ewu ikú, ìpalára ńlá, àti ìwà ipá tó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn fúnra rẹ̀, ó sì lè ṣojú rẹ̀ kòrókòró níbi tó ti ń ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ẹni tó gbọ́ pé ìwà ipá tàbí ìjàm̀bá ti pa ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí iṣẹ́ wọn ń mú kí wọ́n máa bá kúlẹ̀kúlẹ̀ irú nǹkan báyìí pàdé lójoojúmọ́, bí ọlọ́pàá tó ń yẹ ẹ̀rí ìfìyàjẹ ọmọdé wò. Ohun tí ènìyàn kàn rí lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù kò wọlé, àfi bó bá jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló ní kó wò ó.

Àlà tó kẹ́yìn yìí ti di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ni láti máa yọ fídíò ìpànìyàn àti ìfìyàjẹ kúrò lórí Facebook ní Amẹ́ríkà pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ pé iṣẹ́ náà ti fún àwọn ní PTSD. Ní 2020, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 52 dọ́là. Èmi kò rí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni yóò fi ṣiyèméjì nípa irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wo ikú lójú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí kò sì lè gbójú kúrò nítorí pé oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni, ti wọ inú ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Àwa yòókù tí a ń wò ó láìgbowó ńkọ́? Lẹ́yìn tí bọ́m̀bù bú níbi eré ìje Boston ní 2013, Alison Holman, Roxane Silver àti ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé àwọn tó ń tẹ̀ lé ìròyìn rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ròyìn ìdààmú ọkàn tó ju ti àwọn tó wà níbẹ̀ gan-an lọ. Ìdààmú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì di PTSD, mo sì gbà pé ó bọ́gbọ́n mu kí ìwé ìṣègùn pààlà síbẹ̀. Àmọ́ pé nǹkan kò ní orúkọ nínú ìwé kò sọ pé kò lè ṣe ènìyàn ní jàm̀bá. Bí fídíò ikú bá ń pín kiri, pàápàá níbi tí ọmọdé wà, ẹ pa fídíò náà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìwé tiẹ̀, ICD-11, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Ó ṣí ilẹ̀kùn náà fẹ̀ díẹ̀: ìṣẹ̀lẹ̀ tó kún fún ewu tàbí tó bani lẹ́rù gidigidi, yálà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tàbí èyí tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Ó tún ṣe ohun tí DSM kò ṣe. Láti 1992 ni Judith Herman, oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ti ń sọ pé ti ẹni tí ìyà jẹ fún ọdún púpọ̀ láìrí ibi sá sí yàtọ̀ sí ti ẹni tí ìjàm̀bá kàn lẹ́ẹ̀kan: ọmọ tí wọ́n ń ṣe níṣekúṣe nínú ilé tó yẹ kó dáàbò bò ó, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù fún ọdún mẹ́wàá, ẹni tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n tí wọ́n ń dá lóró. Yàtọ̀ sí àmì PTSD tó kù, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í lè ṣàkóso ìbínú tàbí ìbànújẹ́ rẹ̀, ó gbà pé òun kò wúlò, sísúnmọ́ ènìyàn sì nira fún un. ICD-11 fún un ní orúkọ tirẹ̀, PTSD onípele púpọ̀. DSM kò tíì gbà á. Nítorí náà, dókítà méjì lè fún ẹnì kan ṣoṣo ní orúkọ àìsàn méjì, láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ṣàṣìṣe.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò sí nínú ìwé méjèèjì: ìkọ̀sílẹ̀, kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ẹ̀tàn, ikú òbí arúgbó tó sùn tí kò jí. Àwọn wọ̀nyí lè wó ènìyàn palẹ̀. Wọ́n lè bí ìsoríkọ́, tàbí ọ̀fọ̀ tó kọ̀ tí kò tán, èyí tí ICD-11 náà ti fún ní orúkọ. Wọ́n yẹ fún ìtọ́jú, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi "kì í ṣe PTSD" lé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ jáde. Ohun tí orúkọ ń ṣe ni pé ó ń tọ́ka sí ọ̀nà. Ìtọ́jú PTSD ń lépa ìrántí kan pàtó tó ń padà wá gbógun ti ènìyàn. Ẹni tí kò ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ìsoríkọ́ ló dè é mọ́lẹ̀, nílò nǹkan mìíràn.

Ní ìdàkejì, àwọn nǹkan wà tí àwọn ará ilé kì í kà sí, tó sì wọlé dáadáa. Ìbímọ jẹ́ ọ̀kan. Obìnrin kan lè rọbí títí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà, kí ó gbọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pariwo, kí ó mọ̀ dájú pé òun tàbí ọmọ òun ń kú lọ. Bí àwọn méjèèjì bá yè, ayọ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń bá a yọ̀. Wọ́n á ní kó dúpẹ́. Ó ń dúpẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè gba iwájú ilé ìwòsàn yẹn kọjá mọ́, igbe ọmọ tuntun sì ń mú kí òógùn tútù bò ó. Ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń bá a mí náà lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìran tó rí nígbà tí oògùn ń pa á bí ọtí lè bani lẹ́rù bí ìṣẹ̀lẹ̀ gidi. Ìwọ̀nyí ló yẹ kí a máa wádìí, nítorí pé ẹnu ẹni tí wọ́n ní kó máa dúpẹ́ kì í yá láti ráhùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú ń bá, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni PTSD ń mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí 70 nínú 100 ènìyàn lágbàáyé ni irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò bá nígbà ayé wọn, àti pé nǹkan bí 5.6 péré nínú 100 àwọn wọ̀nyí ni yóò ní PTSD. Lára àwọn tó la ogun tàbí rògbòdìyàn kọjá, iye náà ju ìlọ́po méjì lọ. Nǹkan bí 15 nínú 100 ni. Àìsùn, àlá, ẹkún òjijì àti kí àyà máa já ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ohun tó yẹ kí ara ṣe. Ìdí nìyẹn tí DSM fi ní àmì náà gbọ́dọ̀ ju oṣù kan lọ, kó sì máa dí ìgbésí ayé ènìyàn lọ́wọ́, kí a tó pè é ní PTSD. Ó ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú pé kí gbogbo rẹ̀ má farahàn tán títí oṣù mẹ́fà á fi kọjá.

Ta ló ń mú? Irú ìṣẹ̀lẹ̀ náà ń kó ipa. Ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí ènìyàn, ìfipábánilòpọ̀ ní pàtàkì, máa ń fi PTSD sílẹ̀ ju àjálù ojú ọjọ́ lọ. Àwọn obìnrin ń ní in tó nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn ọkùnrin. Ohun tí a bí mọ́ni pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ní 2002, Mark Gilbertson àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọpọlọ àwọn ìbejì tó jọra pátápátá, tí ọ̀kan lọ sógun tí èkejì sì dúró sílé. Lára àwọn tí PTSD wọn le, hippocampus, ìyẹn apá ọpọlọ tó ń bá ìrántí ṣiṣẹ́, kéré. Ti ìbejì wọn tí kò fojú kan ogun náà sì kéré. Ó jọ pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí ogun tó dé.

Èyí tó ń ká mi lára jù lọ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí Chris Brewin àti àwọn mìíràn kó ìwádìí púpọ̀ pọ̀ ní 2000, àìrẹ́ni dúró tini lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ wà lára ohun tó lágbára jù lọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n wò. Ó lágbára ju ohun tí ẹni náà jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọmọbìnrin kan bá sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, tí wọ́n bi í pé kí ló lọ ṣe níbẹ̀, ìbéèrè yẹn gan-an ń dá kún ọgbẹ́ rẹ̀. Ṣé a wá lè máa pe ẹni tí kò bọ̀ sípò ní ọ̀lẹ, nígbà tó jẹ́ pé àwa tó yí i ká wà nínú ohun tó fà á?

Ẹni tó ní PTSD kì í kàn rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ń padà ṣẹlẹ̀ sí i ni. Òórùn epo mọ́tò, àwọ̀ aṣọ kan, ohùn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà, ó ti dé ibẹ̀ padà, ara rẹ̀ sì ń ṣe bí ẹni tí wọ́n ń lépa lọ́wọ́lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Apá ọpọlọ tó ń pe ewu, amygdala, ń pariwo kí apá iwájú tó ń ronú tó ráyè sọ pé ekòló lásán ni. Nítorí náà, sísọ fún un pé "kò sí nǹkan kan mọ́" kì í wọlé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ni kò tíì mọ̀.

Nígbà tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Kò ní gba ọ̀nà yẹn mọ́, kò ní lọ sí òde, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọjọ́ náà. Ara á tù ú lóòótọ́, fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá sá ni ọpọlọ rẹ̀ ń gbà pé ibẹ̀ léwu ní tòótọ́, ayé rẹ̀ á sì máa kéré sí i. Àwọn tó ń fi ọtí tàbí oògùn sá ń sá náà ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹni tó bá ń ka èyí pé kó má fi sísá mọ ní ojútùú, bó ti wù kó dùn tó.

Èyí tí àwọn ará ilé kì í tètè rí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èrò ọkàn. Ó lè gbà pé òun lòun fà á: ká ní òun kò gba ọ̀nà yẹn, ká ní òun pariwo, ká ní òun ló kú dípò àbúrò òun. Ó lè gbà pé kò sẹ́ni tó ṣeé fọkàn tán láyé. Ìfẹ́ tó ní sí ọmọ àti aya lè dà bí ohun tó wà lẹ́yìn gíláàsì; ó mọ̀ pé ó wà, kò lè kàn án. Ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó ló ń túká níbí, nítorí pé ẹnì kejì rò pé ìfẹ́ ti tán. Kí a fi ìbínú òjijì kún un, àìsùn, kí ojú máa wá ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ibi tí a bá jókòó sí, àìlè fọkàn sí iṣẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ láti jẹ́ ẹni náà, ó sì rẹ̀ ẹ́ pé àwọn mìíràn ń pè é ní oníjàgídíjàgan. Àwọn ọmọ kékeré kì í sọ ọ́ báyìí. Wọ́n lè máa fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣeré léraléra, tàbí kí wọ́n padà máa tọ̀ sórí ibùsùn.

Ìròyìn ayọ̀ tó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé PTSD ń gbọ́ ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun tí kò ṣiṣẹ́ kúrò lọ́nà. Wọ́n ti máa ń kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yè nínú àjálù jọ lọ́jọ́ kìíní tàbí ìkejì, kí wọ́n ròyìn gbogbo rẹ̀ pátá ní ìjókòó kan ṣoṣo. Àyẹ̀wò ìwádìí fi hàn pé kò dá PTSD dúró, ó sì lè pa àwọn kan lára, nítorí náà ìlànà tí NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2018 ní kí wọ́n má ṣe é. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń gbà wá níyànjú láti ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́ rọrùn jù bẹ́ẹ̀: ibi tí kò séwu, omi, oúnjẹ, kí ẹni náà rí àwọn èèyàn rẹ̀, kí a gbọ́ ọ bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí a má fi ipá mú un bí kò bá fẹ́. Oògùn amúnisùn bíi diazepam, tí wọ́n ń tètè kọ fún irú àwọn ènìyàn báyìí, kò wo PTSD, ó sì ń di bárakú.

Ìtọ́jú tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù ni ìjíròrò pẹ̀lú olùtọ́jú tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, tó sì ń kojú ìrántí náà tààrà. Nínú èyí tí Edna Foa ṣe agbátẹrù rẹ̀, aláìsàn ń sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀, léraléra, ó sì ń padà sí àwọn ibi tó ti sá fún, díẹ̀díẹ̀, títí ọkàn rẹ̀ á fi gbà pé ìrántí kò lè pa á. Ti Patricia Resick ń dojú kọ àwọn èrò bíi "èmi ni mo fà á", ó ń yẹ̀ wọ́n wò bí agbẹjọ́rò ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò. EMDR, tí Francine Shapiro bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ń jẹ́ kí aláìsàn di ìrántí náà mú lọ́kàn bí ojú rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ìka tó ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá lílọ-bíbọ̀ ojú yẹn ló ń ṣiṣẹ́ tàbí kíkojú ìrántí náà. Pé ara ń yá kò ní àríyànjiyàn tó bẹ́ẹ̀. NICE ní ìpàdé 8 sí 12 ló sábà ń gbà. Ẹni tí tirẹ̀ ti wà láti kékeré lè nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ojú má sì tì í.

Oògùn náà wà. Sertraline àti paroxetine, tí wọ́n ń lò fún ìsoríkọ́, ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí fún PTSD. Wọ́n ń ran àwọn kan lọ́wọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ MDMA, oògùn olóró tí àwọn kan ń dán wò fún PTSD, tó ń jà ràn-ìn kò tíì yanjú: ní oṣù kẹjọ 2024, FDA kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ó ní kí wọ́n tún ìwádìí ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má lọ máa dán an wò fúnra rẹ̀.

Bíbá a gbé lójoojúmọ́ ní tirẹ̀ kò dúró de ọjọ́ ìwòsàn. Nígbà tí ìrántí bá gbé ènìyàn lọ, ohun tó ń dá a padà ni ohun tó wà níwájú rẹ̀: kí ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gidi, kí ó dárúkọ ohun tójú rẹ̀ ń rí, kí ó sọ ọjọ́ òní àti ibi tó wà jáde lẹ́nu. Ọjọ́ àyájọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà máa ń le. Kí ó sọ fún ẹnì kan ṣáájú. Ìfàsẹ́yìn máa ń wáyé lẹ́yìn oṣù tó dára, kò sì pa iṣẹ́ tó ti ṣe rẹ́. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má yọ́ wá láti ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ń jà lójú oorun, ẹ dúró ní ìtòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ má dì í mú. Ẹ má béèrè kúlẹ̀kúlẹ̀. "Mo gbà ọ́ gbọ́" àti "mo wà níbí" tó. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ayé kò wu òun mọ́, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ ní jàm̀bá kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tó bá ń lọ rí dókítà fún ìgbà àkọ́kọ́ kò nílò láti ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbólóhùn kan tó: "wọ́n fipá bá mi lò pọ̀," "mo wà nínú ìjàm̀bá tí ènìyàn kú níbẹ̀." Kí ó wá sọ ohun tó ń ṣe é láti oṣù kan sẹ́yìn: bó ṣe ń sùn, ohun tó ń padà wá sọ́kàn rẹ̀, ibi tí kò lè lọ mọ́, bí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe wà. Ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní PCL-5 wà tí àwọn olùtọ́jú ń lò, ìbéèrè 20 ló wà nínú rẹ̀, kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti dáhùn. Ó lè béèrè bóyá olùtọ́jú náà ti kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìtọ́jú tí mo dárúkọ lókè. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti béèrè. Bí àkọ́kọ́ kò bá gbọ́ ọ yé, ó lè lọ bá òmíràn.